Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Méjì Tí Kì Í Kí Ara Wọn

Ọjọ́ tí wọ́n mú olè nínú fíìmù Ṣàràfá Àdìó ni gbogbo Ìbàfò mọ orúkọ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ ni wọ́n ti yà á, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fóòmù. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì ló di olè mú. Ṣàràfá di apá ọ̀tún, Zubair di apá òsì. Mùtíù tó ń gẹ irun ní Mówé ni olè. Ohun tó kù ò ju kí àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjèèjì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ nìyẹn. Ṣàràfá àti Zubair ń yan ara wọn lódì. Kì í ṣe nínú fíìmù. Lójú ayé ni.

"Olè," ni Ṣàràfá wí, Mùtíù ló kọjú sí, "bá mi sọ fún ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yẹn pé èmi ni mo kọ́kọ́ rí ọ."

Mùtíù yíjú sí òsì. "Wọ́n ní àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí mi."

"Sọ fún un pé ojú rẹ̀ ò ríran," ni Zubair wí. "Èmi ni mo kọ́kọ́ dì ọ́ mú."

Mùtíù yíjú sí ọ̀tún. "Wọ́n ní ojú yín ò ríran, sà."

"Sọ fún un pé ojú bàbá rẹ̀ ni ò ríran!"

"Wọ́n ní ojú bàbá yín..." Mùtíù dákẹ́. Òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní, "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú gbé mi lọ sẹ́wọ̀n. Ó dájú pé ẹ̀wọ̀n á tura ju àárín yín lọ."

Kò sẹ́ni tó kọ ìyẹn sínú ìwé fún un. Títí di òní, ẹni tó bá wo fíìmù náà á rí i pé ilẹ̀ Ìbàfò mì tìtì níbẹ̀. Ilẹ̀ kọ́. Ọládayọ̀ tó di kámẹ́rà mú ló ń rẹ́rìn-ín.

Ṣàràfá ti kú báyìí. A ti sin ín. Ẹ jẹ́ ká sọ irú ẹni tó jẹ́ kí wọ́n tó máa sọ èyí tí kì í ṣe òun.

Wẹ́dà ni. Òun àti Zubair jọ kúrò ní Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàfò ni, nígbà tí irùngbọ̀n ò tíì hù dáadáa lágbọ̀n wọn. Yàrá kan, ẹní kan, ẹ̀rọ kan. Tí Ṣàràfá bá ń jó irin, Zubair á di irin náà mú. Tí Zubair bá ń jó o, Ṣàràfá á dì í mú, á sì máa sọ fún un pé kò mọ̀ ọ́n jó. Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀, oníkálukú gba ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Wọn ò lè jìnnà síra wọn. Títì kékeré kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù méjèèjì.

Géètì ló dá ìjà sílẹ̀. Ọkùnrin kan ní Àrẹ́pò ní kí Ṣàràfá ṣe géètì fún òun. Ọjọ́ tó lọ gbé e sí i, Zubair gba ibẹ̀ kọjá. Ó dúró, ó fetí sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣí i. Ó ní, "Àdìó, géètì yìí ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí."

Àwàdà ló fi ṣe. Ṣùgbọ́n onílé wà níbẹ̀, onílé sì rẹ́rìn-ín. Ṣàràfá lè fara da kí wọ́n bú òun. Kò lè fara da kí wọ́n bú géètì rẹ̀.

Bí odì ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo wa la mọ òfin odì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lanu ló jẹ̀bi. Àwọn méjèèjì pa ẹnu mọ́. Fàsílátù, ìyàwó Ṣàràfá, bí Tòún. Zubair wá síbi ìkómọ. Ó jẹun, ó mumi, wọ́n ní kó ṣàdúrà. Ó ṣàdúrà fún ọmọ, ó ṣàdúrà fún ìyá. Nígbà tó kan bàbá, ó ní, "Ọlọ́run mọ ẹni tí mò ń sọ."

Bí fíìmù ṣe dé ọ̀rọ̀ ni pé Ṣàràfá lọ síbi tí wọ́n ti ń wo bọ́ọ̀lù lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Kò sí bọ́ọ̀lù. Fíìmù òyìnbó ni wọ́n fi sí i, ti ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjì tí wọn ò fẹ́ràn ara wọn. Àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ṣàràfá pòṣé.

"Wọ́n ń díbọ́n. Ẹ wojú wọn. Àwọn yìí á jọ jẹun tí wọ́n bá parí. Ọ̀tá gidi ni fíìmù ń fẹ́."

Ó délé. Fàsílátù wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ti ń ta ọ̀dà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ rẹ̀.

"Ìyá Tòún, bá mi lọ bi Zubair pé ṣé á ṣe fíìmù."

"Ẹ̀yin àti ẹni tẹ́ ẹ kì í kí?"

"Ìdí tí mo fi ń pè é nìyẹn."

Fàsílátù sọdá títì. Zubair ò bèèrè irú fíìmù tó jẹ́. "Ẹ ní mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni ọ̀gá." Fàsílátù sọdá padà. "Ó ní òun ni ọ̀gá." "Sọ fún un pé ọ̀gá méjì ló wà nínú rẹ̀." Ó tún sọdá. "Ẹ ní èmi ni ọ̀gá àgbà nínú méjèèjì," ni Zubair wí. Kí ọ̀rọ̀ náà tó yanjú, okùn sílípáàsì Fàsílátù ti já.

Àwọn kan ládùúgbò ní kì í ṣe fíìmù ni Ṣàràfá ń wá. Wọ́n ní ó ń wá bó ṣe máa dúró ti Zubair láì bẹ̀bẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó láyà láti sọ ọ́ lójú rẹ̀.

Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe ìbọn fíìmù. Ọládayọ̀ ní kó fi pákó ṣe é. "Pákó? Èmi, wẹ́dà?" Irin ló fi ṣe é. Ó jó o, ó fá a, ó fi ọ̀dà dúdú kùn ún. Ìbọn náà rẹwà. Kò sì sẹ́ni tó lè gbé e pẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lé olè lọ́nà oko Ìbógùn, Ṣàràfá sáré díẹ̀, ó gbé ìbọn sílẹ̀, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá wòran ń pariwo. Olè bojú wẹ̀yìn. Àánú ṣe é. Ó padà wá, ó gbé ìbọn lé èjìká ara rẹ̀, ó ní, "Ó yá, sà, ẹ máa lé mi bọ̀."

Pósítà náà fẹ́ dìjà. Ẹni tó ṣe é ní orí àwọn méjèèjì dọ́gba. Ṣàràfá fa téèpù yọ, ó wọn orí. Zubair ò gba téèpù Ṣàràfá gbọ́, ó lọ mú tirẹ̀ wá. Orí dọ́gba lóòótọ́. Fìlà Zubair ló ga díẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Ṣàràfá ní kí wọ́n bá òun ya fìlà míì lé fìlà òun lórí.

Ibi tó kẹ́yìn fíìmù ni kò ṣeé ṣe. Ohun tó wà nínú ìwé ni pé kí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara wọn. Wọ́n dúró. Ọládayọ̀ ní, "Ó yá!" Ṣàràfá wo Zubair. Zubair wo Ṣàràfá. Olè ti wà lẹ́wọ̀n. Kò sẹ́ni tí wọ́n máa rán.

Ọládayọ̀ ò pa kámẹ́rà. Oòrùn lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn wọn títí bátìrì fi kú. Bí fíìmù náà ṣe parí nìyẹn. Ọkùnrin méjì nínú oòrùn, tí wọ́n ń wo ara wọn. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn.

Orí fóònù ló gbà dé ọwọ́ àwọn èèyàn. Wọ́n wò ó ní Mówé, wọ́n wò ó ní Ifọ̀. Ẹ̀rín pa wọ́n. Inú bí Ṣàràfá. "Fíìmù ìjà ni mo ṣe. Ta ló ní kẹ́ ẹ máa rẹ́rìn-ín?" Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e sí gbangba ní Ìbàfò, ẹ̀yìn ló dúró sí, ó lejú koko. Ó wá rí Zubair ní òdìkejì. Zubair ń rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ó ti pẹ́ tí Ṣàràfá ti rí eyín ọkùnrin yẹn gbẹ̀yìn. Ó wo ilẹ̀. Kò bínú sí ẹlẹ́rìn-ín kankan mọ́.

Àwọn ọmọdé á dá a dúró lọ́nà. "Bọ̀dá Ṣàràfá, ṣé wọ́n padà bá ara wọn sọ̀rọ̀?"

"Ẹ lọ bi ẹnì kejì."

Àìsàn tó pa á bẹ̀rẹ̀ bí ikọ́. Kò lọ. Ṣàràfá ń gbẹ. Wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù kan ní Ifọ̀. Ọjọ́ kejì, Zubair sọdá títì, ó ṣí ṣọ́ọ̀bù Ṣàràfá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í parí àwọn fèrèsé tó fi sílẹ̀. Fàsílátù lọ sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Ó ń ba iṣẹ́ mi jẹ́," ni Ṣàràfá wí. Ó tún ní, "Ṣé ó ń jẹun?"

Fàsílátù ti rí i lójú dókítà pé àkókò ò pọ̀ mọ́. Kò fẹ́ kí ọkọ òun gbé odì lọ. Ó mú Zubair dání lọ sí Ifọ̀. Zubair wọlé, ó dúró síbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá Tòún, ẹ bá mi sọ fún un pé mo kí i."

"Sọ fún un pé mo gbọ́," ni Ṣàràfá wí. Ohùn rẹ̀ ti tín-ín-rín.

"Ẹ ní ara ńkọ́?"

Fàsílátù wò wọ́n. Ó dìde, ó so gèlè rẹ̀ le. "Mo ń lọ ra omi."

"Omi wà níbí," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Òmíràn ni mo fẹ́." Ó jáde, ó ti ilẹ̀kùn. Kò lọ ibì kankan. Ó fi etí ti ilẹ̀kùn.

Fáànù nìkan ló ń dún. Omijé ti fẹ́ máa bọ́ lójú Fàsílátù.

"Zubair." Ṣàràfá ni. "Ìrọ̀rí yìí ga jù. Bá mi fà á wálẹ̀."

Bẹ́ẹ̀dì dún.

"Ṣé ó ti dáa báyìí?"

"Díẹ̀ sí i."

"Báyìí ńkọ́?"

"Ó ti dáa."

Wọ́n wá ń sọ̀rọ̀. Fàsílátù ò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó gbọ́ Ìṣẹ́yìn. Ó gbọ́ ẹ̀rín. Nígbà tó ṣí ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì dákẹ́ lójijì, oníkálukú kọjú sí ògiri tirẹ̀.

"Ìyá Tòún," ni Zubair wí, "ẹ sọ fún un pé mò ń lọ."

Ṣàràfá ò tún dìde níbẹ̀.

Níbi fídáù, lẹ́yìn àdúrà, ìtàn rẹ̀ ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò fẹ́ sunkún. Àgbàlagbà kan láti Ìṣẹ́yìn wá bèèrè. "Zubair, ìwọ àti ẹni tó lọ yìí, ṣé ẹ padà sọ̀rọ̀?"

Gbogbo ilé kọjú sí Zubair.

"A sọ̀rọ̀, bàbá."

"Alihamudulilahi. Ta ló kọ́kọ́ lanu?"

Zubair wo ilẹ̀kùn yàrá tí Fàsílátù wà. "Èmi ni," ló wí.

"Ẹ̀yin kẹ̀?" ni Mùtíù wí. "Bọ̀dá Zubair, ẹ rántí pé ọ̀la Àlùkìyámọ̀ ń bọ̀."

"Mo ní èmi ni. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ pàápàá. Ó fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kí n dìde."

Wọ́n ké pe Fàsílátù nínú yàrá. "Ìyá Tòún, ẹ̀yin lẹ wà níbẹ̀. Ṣé òótọ́ ni?"

Ó wá sẹ́nu ọ̀nà, ó wo Zubair.

"Òótọ́ ni. Etí mi ni mo fi gbọ́ ọ. Zubair ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀."

Ilé hó yè. "Àdìó! Olórí kunkun! Kò gbà fún un!" Àwọn èèyàn ń lu itan. Mùtíù dìde dúró, ó ń pàtẹ́wọ́. Àgbàlagbà Ìṣẹ́yìn náà ń mi orí, ó ní ọmọ bàbá rẹ̀ ni lóòótọ́.

Zubair náà ń rẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi tẹ orí ba, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo ojú. Kò tètè mú wọn kúrò.