Ìbọn Tí Ọwọ́ Mi Yàn

Àbúrò ọkọ mi, àbíkẹ́yìn ìyá wọn, ni ẹni àkọ́kọ́ tó ṣe mí níbi ní ìlú yìí. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ wá mọ̀ ọ́n, àwọn tí kò mọ̀ wá kò sì nílò orúkọ náà. Mo jù ú lọ dáadáa. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, ó ṣì ń sáré kiri àgbàlá ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí i sínú ilé náà kí wọ́n tó gbé mi wọlé ní ìyàwó, nítorí náà "bùọ̀dá" ni mò ń pè é, mo sì ń kúnlẹ̀ kí i. Òun náà ń pè mí ní "ìyàwó" bí ẹni pé òun ló fẹ́ mi. Bí a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn, a sì dì í mọ́ ẹrù wa wá sí Chicago.

Ohun tó ṣe nìyí. Ọkọ mi kú lójijì ní ìgbà òtútù kan láàárín àwọn ọdún 1980. Ní ọjọ́ fídáù, nígbà tí àwọn ènìyàn ṣì ń jẹun ní pálọ̀ wa ní Calumet City, bùọ̀dá dìde, ó ní kí wọ́n dákẹ́ fún òun. Ó sọ fún gbogbo wọn pé ìyàwó kò lè dá gbé inú ilé náà, pé òun máa mú mi lọ sọ́dọ̀ òun ní Schaumburg, pé òun tilẹ̀ ti rí ọ̀rẹ́ òun kan tó máa háyà ilé náà. Kò bi mí léèrè rárá. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú ìborùn lórí mi, mò ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pín mi mọ́ ogún. Àwọn ènìyàn ṣe àmín, wọ́n sì ń jẹ ẹran lọ.

Èmi àti ọkọ mi la jọ ra ilé yẹn, orúkọ àwa méjèèjì ló wà lórí ìwé rẹ̀. Yàrá tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ọsibítù kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìwé tí mo kà ni mo fi gba iṣẹ́ náà, kò sí ẹni tó ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n a kò bímọ, lójú àwọn kan sì, obìnrin tí kò bímọ dà bí àga tí wọ́n gbàgbé síta: ẹni tó bá wù ú lè gbé e. Bùọ̀dá ní ọmọ kéékèèké mẹ́ta nílé, ìyàwó rẹ̀ sì ń lọ síbi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ní dìgírì ni wọ́n ń wá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí n ṣe opó mi tán ná. Kò pẹ́ tí mo ṣe é tán ni wọ́n fọ́lé mi. Ọ̀sán gangan ni, mo wà níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n, wọ́n gbé rédíò ọkọ mi, wọ́n sì jẹ ìrẹsì tí mo fi sílẹ̀ nínú fíríìjì. Bùọ̀dá dé kí ọlọ́pàá tó lọ. Ó fẹ́ ṣe bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ bí omi.

"Ṣé mo sọ àbí mi ò sọ? Ìyàwó, ṣé mo sọ àbí mi ò sọ?"

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá àgbà ẹgbẹ́ wa, tó ń gbé ní Homewood, ẹni tí gbogbo ọmọ Yorùbá apá gúúsù máa ń gbé ẹjọ́ lọ bá ní ọjọ́ Sunday. Bàbá náà gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó wá kọjú sí mi.

"Ìyàwó, tí wọ́n bá tún padà wá ńkọ́? Kí lo máa fi gba ara rẹ sílẹ̀?"

"Mo máa ra ìbọn, sà."

Bùọ̀dá pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ gbọ́ ọ! Ẹni tí eku lé jáde ní kíṣíìnì!"

"Kíṣíìnì yín ni, bùọ̀dá," mo ní. "Eku yín ló lé mi."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Nígbà tó sinmi tán, ó dá ẹjọ́. Ó ní kí n ra ìbọn náà, kí n kọ́ ọ, nígbà tí yìnyín bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, kí n wá yìn ín lójú òun àti lójú bùọ̀dá. Tí mo bá ba ohun tí mo fojú sùn, kí bùọ̀dá fi mí sílẹ̀ nínú ilé mi, kí ó má tún sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́. Tí mi ò bá bà á, kí n di ẹrù mi, kí n tẹ̀ lé e lọ sí Schaumburg. Àwa méjèèjì gbà. Ọwọ́ bùọ̀dá yá láti gbà ju tèmi lọ.

Nínú Chicago gan-an, ìjọba ìlú ti fòfin dí ọ̀nà ìbọn ìléwọ́ tuntun nígbà náà, ṣùgbọ́n Calumet City kì í ṣe Chicago. Mo gba káàdì tí ìpínlẹ̀ Illinois ń fún ẹni tó bá fẹ́ ní ìbọn. Bùọ̀dá sì ní òun máa bá mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù, pé obìnrin kò mọ ìbọn yàn.

Ṣọ́ọ̀bù náà kò jìnnà sí Homewood. Wọ́n to àwọn ìbọn sábẹ́ gíláàsì bí ìgbà tí wọ́n to wúrà, ibi tí wọ́n ti ń yìn wọ́n sì wà nísàlẹ̀ ilé. Àwọn ọkùnrin tó wà níbẹ̀ ń jiyàn lórí ilé iṣẹ́ ìbọn méjì ti Amẹ́ríkà bí ẹni tó ń jiyàn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù. Ẹni tó bá ti ra ti ọ̀kan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ èkejì ní dáadáa. Bùọ̀dá kò bá wọn dá sí méjèèjì. Ti ilé iṣẹ́ kan ní ilẹ̀ Ítálì ni tirẹ̀, nítorí pé wọ́n ní àwọn ṣọ́jà Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbé e. Irú rẹ̀ ló ní nílé, irú rẹ̀ náà ló ní kí wọ́n mú jáde.

Nítorí pé òun ló ń sọ̀rọ̀, òun ni òyìnbó oníṣọ́ọ̀bù gbé ìbọn náà fún. Bùọ̀dá wá nà án sí mi. Èmi kúnlẹ̀ díẹ̀, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, bí mo ṣe máa ń gba ohunkóhun lọ́wọ́ ará ilé ọkọ mi. Òyìnbó náà wo orúnkún mi, ó wo ìbọn, ó wo orúnkún mi padà.

Ìbọn náà wúwo, èèkù rẹ̀ sì ki bí ọrùn ìgò epo. Ìka ìlábẹ̀ mi kò dé tírígà àfi tí mo bá yí ọwọ́ mi, tí mo bá sì yí ọwọ́ mi, ẹnu ìbọn á kọjú síbòmíràn. Mo ní ó tóbi jù fún mi.

"Kò tóbi," ni bùọ̀dá wí. "Ọwọ́ ẹ ni kò mọ ohun tó ń ṣe. Ìyàwó, ìbọn kì í ṣe ìgbálẹ̀."

Òyìnbó náà mú ti àwọn ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà méjèèjì jáde, rifólífà, èyí tí ilé ọta rẹ̀ ń yí po. Ọwọ́ bùọ̀dá náà ni wọ́n tún gbà kọjá dé ọ̀dọ̀ mi. Mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbà wọ́n, ọwọ́ òsì mi á wá yọ ara rẹ̀ kúrò bí ọmọ tí wọ́n ti bá wí, ọ̀tún á dá kù sídìí ìbọn. Gbogbo wọn ló rí bákan náà lọ́wọ́ mi. Bàtà ẹlòmíràn ni gbogbo wọn. Bùọ̀dá ní kí a háyà ti Ítálì nísàlẹ̀, kí n yìn ín wò. Mo yìn ín. Nígbà tí wọ́n fa bébà tí mo yìnbọn sí wá sọ́dọ̀ wa, kò sí ihò kankan lára rẹ̀, ó mọ́ bí ìgbà tí wọ́n gé e. Bùọ̀dá ká a, ó kó o sápò, ó ní òun máa fi han Bàbá.

Mo wakọ̀ délé, mo jókòó ní kíṣíìnì mi, mo wo ògiri. Ọkọ mi ló kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè kan tí mi ò fẹ́ràn rí. Mo ronú pé wọ́n máa kùn ún ní àwọ̀ mìíràn, ọ̀rẹ́ bùọ̀dá máa máa se ẹja níbẹ̀, èmi á sì wà ní Schaumburg tí mo ń nu imú ọmọ tí mi ò bí. Yìnyín ọdún náà kò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n lójú mi ó ti dé tán. Mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ilẹ̀kùn.

Ní ọjọ́ ìsinmi mi, mo dá nìkan padà síbẹ̀. Òyìnbó náà rántí mi, tàbí kí n sọ pé ó rántí orúnkún mi. Ó tẹ́ aṣọ sórí gíláàsì, ó to àwọn ìbọn mẹ́ta náà sí i, ó sì kúrò láti lọ dá ẹlòmíràn lóhùn. Kò sí ẹni tó gbé e fún mi. Kò sí ẹni tí mo máa kúnlẹ̀ fún láàárín èmi àti ìbọn. Mo nawọ́, ọwọ́ òsì mi ló sì lọ.

Ọlọ́wọ́ òsì ni wọ́n bí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìyá mi máa ń fi àkísà so ó mọ́ ẹ̀yìn mi nígbà oúnjẹ, tíṣà mi sì nà án títí mo fi ń fi ọ̀tún kọ̀wé. Ṣùgbọ́n ní ibi iṣẹ́, níbi tí kò sí àna kankan, òsì ni mo fi ń di abẹ́rẹ́ mú, òsì náà ni mo fi ń fa ẹ̀jẹ̀, kò sì sí aláìsàn tó bínú sí i. Ìwà tí mo ń hù níwájú ará ilé ọkọ mi ni mo gbé wọ ṣọ́ọ̀bù ìbọn. Mo fẹ́ fi ọwọ́ tí mo fi ń kí ènìyàn dáàbò bo ara mi. Mo dúró níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín sí ara mi, mo sì bínú sí bùọ̀dá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo bẹ̀rẹ̀ látorí ti Ítálì. Ó ṣì ki jù. Bọ́tìnì tí a fi ń yọ ilé ọta rẹ̀ wà fún àtàǹpàkò ọ̀tún, tèmi kò dé ibẹ̀. Mo gbé e sílẹ̀ láìbínú. Mo mú ti ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà àkọ́kọ́. Ó rẹwà jù nínú gbogbo wọn, ó dúdú, ó ń dán bí aṣọ aró tuntun. Ṣùgbọ́n tírígà rẹ̀ fúyẹ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, ó wá le nígbà tó kù díẹ̀ kó já, ọwọ́ mi sì gbọ̀n níbẹ̀ gan-an, níbi tí kò yẹ kó ti gbọ̀n. Ti ilé iṣẹ́ kejì kò lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Igi èèkù rẹ̀ sì fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń gún àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo bi òyìnbó náà bóyá ó ní òmíràn, ó sì bá mi fi èyí tí wọ́n fi rọ́bà ṣe pààrọ̀ rẹ̀. Mo di ojú mi, mo gbé e sókè, mo la ojú. Ẹnu ìbọn wà níbi tí mò ń wò. Mi ò wá a kiri. Ó rí bí ìgbà tí ènìyàn nawọ́ sí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ láìsí iná. Mo fa tírígà rẹ̀ lófìfo, ó sì wá dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Mo ra ìyẹn. Wọ́n ní kí n dúró fún ọjọ́ tí òfin sọ, mo dúró, mo wá gbé e. Ní gbogbo Saturday tí mi ò níṣẹ́, mo wà nísàlẹ̀ ilé yẹn pẹ̀lú ohun tí wọ́n fi ń bo etí nítorí ariwo ìbọn lórí etí mi méjèèjì. Nígbà àkọ́kọ́, mò ń ba igun bébà. Nígbà tó yá, mò ń ba ohun tí mò ń wò. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Kí yìnyín tó bẹ̀rẹ̀, a pàdé níbẹ̀, Bàbá pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀, bùọ̀dá pẹ̀lú bébà mímọ́ tó ti kó sápò láti ìgbà yẹn. Ó tú u fún Bàbá. "Ẹ wò ó, sà. Iṣẹ́ ọwọ́ ìyàwó wa." Mo kí àwọn méjèèjì lórí ìkúnlẹ̀, mo dìde, mo fi ọwọ́ òsì mú ìbọn mi.

"Rárá o," ni bùọ̀dá kígbe. "Bàbá, ẹ wo ọwọ́ tó fi mú un! A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni!"

"Ẹ má bínú, bùọ̀dá," mo ní. "Ilé baba mi kọ́ ni mò ń júwe."

Ẹ̀rín mú Bàbá, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀. "Fi í sílẹ̀. Olè tó bá fọ́lé kò ní béèrè ọwọ́ wo."

Mo yìn ín títí ilé ọta rẹ̀ fi ṣófo. Etí mi ń hó, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi dúró. Nígbà tí bébà náà dé, ihò inú rẹ̀ sún mọ́ra wọn láàárín gbùngbùn, àyàfi ọ̀kan tó ṣako lọ sí èjìká àwòrán ènìyàn tó wà lórí bébà náà. Bàbá fi ìka kan wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wo bùọ̀dá, ó ní ọ̀rọ̀ ti tán, kí ó lọ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kí ó wá ilé síbòmíràn. Bùọ̀dá ní ó dáa, sà. Ohùn rẹ̀ kò ju ti ọmọ tí wọ́n gba àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ.

Inú ilé náà ni mo jókòó sí tí mò ń kọ èyí, lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, ògiri kíṣíìnì sì ṣì wà ní àwọ̀ ìyeyè. Mi ò yìnbọn lu ènìyàn rí, mo dúpẹ́. Bùọ̀dá kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi títí di òní olónìí. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni èyí tó sọ ní ọjọ́ náà, nígbà tí a jáde síta, tí Bàbá ti wọ mọ́tò. Ó tẹ̀ lé mi dé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ mi, ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń gbọ́, ó sì rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìyàwó, kò burú. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi ẹ́ nílé, sọ fún wọn pé èmi ni mo bá ẹ yàn án."