Ẹ̀rí Tí Kò Pé: Láti Ọ̀wọ̀ Dé Ìjàgbà

Láyé àtijọ́, bí a bá ń ti Ọ̀wọ̀ lọ sí Ifọ́n, a máa ń kúrò nílé kí àkùkọ tó kọ. Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ ní Tọ́sìdeé tí mò ń sọ yìí. Mo wọ bàtà, mo dé fìlà, mo sì jókòó sínú yàrá títí oòrùn fi ràn dáadáa. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ ni mo jáde. Ìyàwó mi sìn mí dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Ṣadé, ẹ pè mí bí ẹ bá dé Ifọ́n. Ẹ pè mí bí ẹ bá dé Ìjàgbà. Kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ kí aago méjì tó lù."

Mo ní mo gbọ́.

Ẹ̀yin tí a jọ wà nínú ìjọ mọ ìdí tí ẹ̀rù ọ̀nà yẹn fi ń bà mí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, èmi àti Kọ́lá, ọ̀rẹ́ mi, ń bọ̀ láti ibi ìsìnkú kan, àwọn ajínigbé sì dá ọkọ̀ wa lọ́nà. Ẹgbẹ́ akọrin la jọ wà. Ìwé orin kan ṣoṣo la jọ ń lò, torí tèmi ti sọnù, mi ò sì ra òmíràn. Ìbọn dún, gbogbo wa bọ́ sílẹ̀, a wọ igbó. Mo là á já. Ẹsẹ̀ Kọ́lá ṣẹ́ nínú kòtò. Ìrọ̀lẹ́ ni àwọn ọdẹ tó rí i gbé.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, èmi àti ẹbí mi jó lọ síwájú pẹpẹ láti dúpẹ́. Mo gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, mo ní Ọlọ́run fún mi ní ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín, mo ní mi ò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni lẹ́yìn mi. Kọ́lá wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù lọ́jọ́ náà. Ẹnìkan gba ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ sórí fóònù, ó fi ránṣẹ́ sí i. Láti ìgbà náà ni kò ti gbé ìpè mi mọ́. Nígbà tó lè rìn, ó kó lọ sí Ìjàgbà, ìlú ìyá rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, mo gbọ́ ohùn. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyàwó mi.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ṣáájú ìrìn àjò yìí, èmi ló kàn láti ka ẹ̀kọ́ kejì. Ó bọ́ sí ibi tí Jésù ti ní kí ẹni tó mú ọrẹ wá síwájú pẹpẹ, tó wá rántí pé arákùnrin òun ní ohun kan nínú sí òun, fi ọrẹ náà sílẹ̀, kó kọ́kọ́ lọ bá a làjà. Mo kà á dé ìdajì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi ikọ́ bojú. Wọ́n rò pé ọ̀fìnkìn ni.

Ní gáréèjì, ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ náírà ni owó ọkọ̀ dé Ifọ́n. Awakọ̀ ní, "Dádì, ẹ bọ́ sí àárín."

"Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo fẹ́. Ilẹ̀kùn tó ṣeé ṣí láti inú."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín. "Ó ti yé mi. Ẹni tó bá ti bá wọn pàdé rí kì í béèrè atẹ́gùn. Ilẹ̀kùn ló máa ń béèrè."

Títì náà dára níbì kan, ó jẹ níbòmíràn. Ó ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ tí àwọn sójà dá wa dúró, wọ́n yọjú wo inú ọkọ̀, wọ́n ní ká máa lọ. Bí a ṣe ń sún mọ́ kọ́nà tí àwọn ajínigbé ti dá wa lọ́nà, awakọ̀ pa rédíò. Obìnrin kan lẹ́yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í ka sáàmù wúyẹ́wúyẹ́. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú. A yí kọ́nà.

Láfún ni wọ́n sá sí etí títì, ó funfun láti ìhín dé ọ̀hún. Ìyá arúgbó kan ń fi ọ̀pá lé ewúrẹ́ kúrò níbẹ̀. Ó juwọ́ sí wa.

Mo ní, "Ṣé ibí náà nìyí?"

"Ibí náà ni, Dádì. Ẹ fi ilẹ̀kùn yẹn sílẹ̀, kó má jábọ́ lé mi lọ́wọ́."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Àyà mi wálẹ̀.

Ní Ifọ́n, mo pe ìyàwó mi, mo sì wá oúnjẹ. Nílé wa, ọ̀sán la ń jẹ iyán. Níbẹ̀, aago mẹ́wàá kò tíì lù, àwọn tó ń lọ oko ti ń jẹ ẹ́ pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́. Mo jẹ òkèlè mélòó kan, kò wọlé. Ọlọ́kadà tó gbé mi dé Ìjàgbà wá láti ìhà Ẹdó. "Kóyo," ló fi kí mi, bí àwa ṣe ń sọ pé ẹ ǹlẹ́. Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà náà, òórùn kòkó sì kún inú atẹ́gùn.

Kọ́lá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ kòkó tó sá sórí tapólì, ó ń fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀ rò ó. Ó wò mí títí.

"Ṣé ọkọ̀ lo wọ̀ wá, àbí o sáré wá?"

Ìyàwó rẹ̀ pariwo láti ẹnu ọ̀nà. "Bàbá Tóyìn! Àlejò kò tíì jókòó o."

"Kò ní jókòó. Eléré ìje kì í jókòó."

Mo dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, bẹ́ẹ̀ mo fi oṣù mẹ́rin jù ú lọ. "Kọ́lá, mo gbọ́ ọ. O pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́, mi ò dúró. Mo tún wá purọ́ níwájú pẹpẹ."

Ọ̀pá rẹ̀ dúró. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni."

Ó fi ọ̀pá náà kan ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.

"Dìde, Délé. Mi ò bínú pé o sáré. Ká ní ẹsẹ̀ tìrẹ ló ṣẹ́, Ọlọ́run nìkan ló mọ ibi tí ǹ bá sáré dé. Ohun tó dùn mí ni pé mo wà lórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń gbọ́ bí ìjọ ṣe ń ké Alelúyà sí irọ́. O ò tilẹ̀ dárúkọ mi. Bí ẹni pé ìwọ nìkan lo wọ ọkọ̀."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ibi tí o ti sọ ọ́ ni kí o ti tún un sọ. Kì í ṣe níbí, níwájú adìẹ."

Ìyàwó rẹ̀ gbé omi wá, ó ń pa ẹ̀rín mọ́ra. Kọ́lá rọra wọlé, ó sì mú ìwé orin náà jáde. Ẹrẹ̀ ọjọ́ yẹn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mo na ọwọ́, ó fà á sẹ́yìn.

"Tèmi ni. Ìwọ kàn máa ń yọjú wò ó ni. Bí o bá máa dìde lọ́jọ́ Ìsinmi, màá gbé e wá. Bí o kò bá ní dìde, jókòó sílé rẹ, kí n jókòó sí tèmi."

Ìyàwó rẹ̀ di kókò mélòó kan fún mi, mo sì padà. Nígbà tí a dé kọ́nà yẹn, ìyá arúgbó ti ń kó láfún rẹ̀ nílẹ̀. Ibẹ̀ ni mo tó rántí pé mi ò béèrè ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn.

Mi ò kọ́kọ́ lọ sílé. Ilé àlùfáà wa ni mo yà sí, mo ní mo fẹ́ jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi.

Ó ní, "Bàbá Ṣadé, ẹ̀rí wo tún ni? Ṣé kò sí?"

"Ti ọjọ́sí ni, sà. Kò pé."

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò pè mí ní Ìjàgbà!" Mo ní kó jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì bu oúnjẹ fún mi. Lọ́jọ́ yẹn, mo jẹun yó.

Ohun tí ọ̀nà Ìjàgbà kọ́ mi kò gùn: kí n tó jó lọ síwájú pẹpẹ, kí n kọ́kọ́ bojú wẹ̀yìn wo ẹni tí a jọ wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìsìn mọ ìyókù. Mo sọ pé Kọ́lá pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò dúró; ẹnikẹ́ni kò ké Alelúyà. Mo padà sí àyè mi. Mo gbọ́ tí ọ̀pá kan ń kan ilẹ̀ bọ̀. Kọ́lá jókòó tì mí, ó ṣí ìwé orin náà, ó sì sún ìdajì rẹ̀ sọ́dọ̀ mi.