Ìpìlẹ̀ Ère Ìyá Olùkọ́

Ọgbọ̀n ọdún ni bíríkìlà yìí ti ń po kọnkéré, ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń gbé ère inú ọgbà lé ló sì mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹ má rò pé iṣẹ́ ọwọ́ yẹpẹrẹ ni o. Tirẹ̀ kò yẹ̀ rí, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Gbọingbọin, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn ju èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbọn àpò sìmẹ́ńtì òfìfo kan lẹ́nu ọ̀nà. Kókó líle ló ń já bọ́ sílẹ̀.

"Ọkọ mi, ṣé èyí tó ti wà nílẹ̀ tútù láti ọjọ́ yìí lẹ fi ṣe ìpìlẹ̀ ère inú ọgbà Ìyá Olùkọ́?"

"Mo fi ajọ̀ jọ̀ ọ́."

"Ẹ jọ̀ ọ́. Lẹ́búlẹ́bú tó kù ńkọ́, ṣé ó ṣì lágbára?"

Ọkùnrin náà wo kókó tó wà nílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń wí fáráyé pé sìmẹ́ńtì tó bá ti fa omi kò wúlò mọ́. Ọ̀lẹ ló mú un lọ́jọ́ tó ṣe é, kò fẹ́ padà lọ ra òmíràn. Àárọ̀ yìí gan-an ni wọ́n sì máa gbé ère òkúta lé ìpìlẹ̀ náà, èyí tí ọkùnrin mẹ́rin ń gbé, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ-ọmọ Ìyá Olùkọ́ kì í kúrò nínú ọgbà yẹn. Bó bá jẹ́wọ́, iyì ọgbọ̀n ọdún wọmi nìyẹn. Ṣùgbọ́n iyì wo ló tó ẹ̀mí ọmọ? Ó ti oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di eré.

Nígbà tó fi máa débẹ̀, wọ́n ti gbé ère náà lé e. Ọmọ mẹ́ta ń sáré yí i ká, èyí tó kéré jù tiẹ̀ ti dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Bíríkìlà náà ké sí Ìyá Olùkọ́ tó dúró nítòsí.

"Ẹ kó wọn kúrò níbẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bi mí léèrè."

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìṣó ha ẹ̀gbẹ́ ìpìlẹ̀ náà. Kọnkéré tó ti lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko ń dà wálẹ̀ bí iyanrìn. Ó bẹ àwọn mẹ́rin tó gbé ère náà wá pé kí wọ́n rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e kúrò báyìí, igun kan lára ìpìlẹ̀ náà ya lulẹ̀, gbàà, níbi tí ọmọ yẹn dúró sí lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀gbọ́n Ìyá Olùkọ́, àlejò tí kò mọ bíríkìlà náà rí, sáré jáde láti inú ilé. "Ta ni aláìbìkítà tó ṣe nǹkan yìí? Ó fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ."

Ìyá Olùkọ́ wo bíríkìlà náà, àánú rẹ̀ ṣe é. "Ẹ̀gbọ́n mi, bóyá òjò ọjọ́sí ni."

"Kì í ṣe òjò, mà," ni Bàbá Gbọingbọin wí. "Èmi ni."