Òrí Tí Wọ́n Fi Ń Ra Àbúrò Mi Lára

Ọmọ mi, òórùn òrí tí ìyá rẹ ń yọ́ lórí gáàsì yẹn ti gbé mi padà dé agbo ilé wa ní Ìsàlẹ̀ Òsì, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Gìrì ti ba ọpọlọ àbúrò mi ọkùnrin jẹ́, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ gan bí igi. Lọ́sàn-án gbogbo, àwọn ìyàwó ilé a máa gbà á lọ́wọ́ ìyá wa, wọn a fi òrí ra á lára, wọn a máa ki oríkì rẹ̀. Èmi tí ara mi dá, ta ló kì mí?

Lọ́jọ́ kan, mo dùbúlẹ̀ tì í lórí ẹní. "Èmi náà, ọwọ́ mi ò ká mọ́!"

Ìyàwó àbúrò bàbá mi bú sẹ́rìn-ín. "Òjòwú! Ṣé ọwọ́ tó jí ẹran nínú ìkòkò lánàá nìyí?"

Inú bí mi. Mo dìde kí n lọ jí ìyá mi tó ń hanrun lẹ́nu ilẹ̀kùn, kí n fẹjọ́ sùn. Ìyàwó náà fà mí padà. "Rọra, má jí i." Ó fi òrí ra mí lẹ́sẹ̀, ó ń kì mí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, títí tí mo fi sùn.

Ìgbà tí mo bímọ tèmi ni mo tó mọ̀ pé oorun tí ìyá mi ń sùn lẹ́nu ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni wọ́n ń wá fún un, tí wọ́n fi ń gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ki àbúrò mi. Èmi, ẹ̀ẹ̀kan péré ni.