Áńtẹ́nà Bàbá Mi àti Ìrun Alásárì

Nígbà tí mo ṣì kéré, kò sí irú ìyà tí wọn kì í fi jẹ ọmọ. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí: ká kúnlẹ̀ ká gbọ́wọ́ sókè, ká fi ìka kan kanlẹ̀ ká gbé ẹsẹ̀ kan sókè títí òógùn á fi máa kán láti imú. Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó tì mí lójú jù lọ kì í ṣe ìyà rárá. Iṣẹ́ tí bàbá mi máa ń bẹ̀ mí ni.

Ní abúlé wa lẹ́yìn Mọníyà, tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti pọnmi, tí wọ́n ti bó ẹ̀gẹ́ tán, eré tẹ̀ǹ-tẹ̀ǹ ló kù tí wọ́n á lọ ṣe. Èmi náà á pọnmi, n óò bó ẹ̀gẹ́, ọwọ́ mi á sì máa rùn fún ẹ̀gẹ́ bíi tiwọn, àmọ́ bí mo bá ṣe tán, bàbá mi á pè mí kí n wá gbé áńtẹ́nà. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan ni bàbá mi ti ń tún ẹ̀rọ ṣe, rédíò ni wọ́n sì fẹ́ràn jù láyé. Wọ́n gé páìpù áńtẹ́nà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, wọ́n to irin tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, ó wá rí bí egungun ẹja ṣáwá. Wáyà kan lọ láti ara rẹ̀ sínú rédíò, òmíràn lọ láti inú rédíò sínú kọ̀ǹpútà.

Bàbá mi ní sátẹ́láìtì kékeré kan wà lókè lọ́hùn-ún tí kò ju páálí ṣúgà lọ, pé àwọn ọmọ yunifásítì kan lókè òkun ló ṣe é. Bó ti ń yí ayé po, ó ń ròyìn ara rẹ̀: bí bátìrì rẹ̀ ṣe kún tó, bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó. Ìròyìn náà ló máa ń dún pípí-pípí nínú rédíò, kọ̀ǹpútà á wá tú u sí nọ́ńbà. Òótọ́ sì ni. Mo ti fi etí ara mi gbọ́ ọ lẹ́yìn ilé wa, kì í ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú tó fi ń kọjá lórí wa. Bàbá mi á máa nàka síbi tó dé, èmi á máa fi egungun ṣáwá tẹ̀ lé e, láti ìhà oko kòkó títí dé òkè mọ́sáláṣí, apá mi á máa ro mí.

Lọ́jọ́ kan, ìyá kan tó ń ti oko bọ̀ bá mi lórí ìdúró yẹn. Ló bá sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀. “Bàbá Ràṣídà, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Ọlọ́run, ẹ fojú fò ó. Ọmọdé ló ń ṣe é.”

Bàbá mi ní n kò ṣẹ̀ wọ́n. Ìyá náà wò mí tàánútàánú, ó gbà pé ẹ̀ṣẹ̀ náà ti burú kọjá kí wọ́n sọ ọ́ síta ni. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n ti ń sọ ọ́ nídìí ẹ̀rọ omi pé ẹran ni mo jí nínú ìkòkò. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ sọ mí ní Agbérin. Ojú tì mí débi pé òru ìdájí ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pọnmi.

Ọ̀rọ̀ náà dé etí Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ olórí agbolé wa. “Múkàílà, wọ́n ti ń fi wá ṣẹ̀sín. Kó irin wọ̀nyí kúrò nínú agbolé yìí.”

Bàbá mi bẹ̀bẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí gbogbo ilé wá gbọ́ ọ ní Sátidé. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan kan, èmi fúnra mi ni màá kó o fún àwọn tó ń ra àjákù irin.”

Lẹ́yìn ìrun Àìlà ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì kún abẹ́ máńgòrò wa. Màmá mi se àgbàdo. Bàbá mi yá gbohùngbohùn mọ́sáláṣí, wọ́n so ó mọ́ rédíò kí àwọn àgbàlagbà lè gbọ́ dáadáa. Ọ̀rẹ́ wọn kan níbi iṣẹ́ ló máa ń sọ àsìkò tí sátẹ́láìtì á kọjá fún wọn, ṣùgbọ́n ó ti rìnrìn àjò, bàbá mi sì lọ tẹ ìwé àsìkò náà fúnra wọn ní kafé ní Mọníyà.

Àsìkò tó. Mo gbé áńtẹ́nà sókè. Ṣìììì nìkan là ń gbọ́. Mo yí i sí ìhà oko kòkó, mo yí i sí mọ́sáláṣí, ṣìììì. Wọ́n jẹ àgbàdo tán. Àwọn ọmọ ìdí ẹ̀rọ omi ń rẹ́rìn-ín sínú ọwọ́. Ẹnì kan bi bàbá mi bóyá sátẹ́láìtì náà sùn ni. N kò lè wo ojú bàbá mi, ńṣe ló ń ṣe mí bíi kí ilẹ̀ lanu.

Nígbà tó ṣe, wọ́n pe ìrun Alásárì. Bàbá Àgbà gbọn ẹ̀yìn agbádá wọn. “Ó tó báyìí. Ẹ jẹ́ ká lọ kírun. Tá a bá dé, o ó kó o.” Mo gbé áńtẹ́nà ti igi máńgòrò, gbogbo wa sì wọ mọ́sáláṣí tó wà níwájú ilé. Ìbànújẹ́ kò jẹ́ kí bàbá mi rántí pa rédíò.

Ẹ mọ̀ pé Lèmọ́mù kì í ké Alásárì sókè. Inú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn la wà, tí gbogbo wa forí kanlẹ̀, nígbà tí gbohùngbohùn bú: pí! Pípí-pí! Pí!

Kò sẹ́ni tó lè dìde. Ẹ̀yìn lọ́dọ̀ àwọn obìnrin ni mo wà, ara mi gbóná láti orí dé ẹsẹ̀. A dìde, ó ń dún. A tún forí kanlẹ̀, ó ń ròyìn bátìrì. Bí Lèmọ́mù ti sálámà tán ni bàbá mi sáré jáde láìwọ bàtà, wọ́n tẹ kọ̀ǹpútà, wọ́n rí ìparí ìròyìn náà mú. Ìlà nọ́ńbà kan péré ló jáde. Bàbá mi yẹ ìwé àsìkò wọn wò, wọ́n gbọ́wọ́ lérí. Àkókò Lọ́ńdọ̀n ni wọ́n kọ síbẹ̀. Bàbá mi kò fi wákàtí kan kún un kó tó di tiwa.

Bàbá Àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà mọ́sáláṣí. “Múkàílà, mo gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé n kò gbọ́. Jẹ́ kí irin rẹ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n o ba ìrun jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Dọ̀bálẹ̀ fún jámáà.”

Bàbá mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku pẹ̀lú jàlàbíà funfun wọn, lójú àwọn tó sọ mí ní Agbérin. Mo fi híjáàbù bojú. Bí wọ́n ṣe wà nílẹ̀ ni gbohùngbohùn tún dún lẹ́ẹ̀kan sí i, ó ti rẹlẹ̀ gan-an: pí. Mo yọjú wò wọ́n. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá mi wà nínú iyẹ̀pẹ̀, wọ́n dijú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìyẹn gan-an ló wá tì mí lójú jù.

Lóde òní, kò sọ́mọ tó ń gbé irin fún bàbá rẹ̀. Fóònù mi lè sọ àsìkò tí sátẹ́láìtì á kọjá lórí Akáǹràn tí mo fẹ́ ọkọ sí, àkókò tiwa gan-an ló sì ń sọ. Bàbá mi ti darúgbó. Wọ́n ní sátẹ́láìtì tí à ń gbọ́ nígbà náà ti já bọ́, ó ti jóná lójú ọ̀run. Fóònù ń dún lórí ìrun lójoojúmọ́ báyìí, orin fújì ni nígbà mìíràn, olóhun á kàn tọwọ́ bọ àpò, á pa á. Kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún jámáà mọ́. Síbẹ̀, bó bá ti dún nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Alásárì, ojú á tì mí bí ẹni pé ti bàbá mi ni. Mo máa ń forí kanlẹ̀ dáadáa, mo sì máa ń tẹ́tí, bóyá á tún dún.