Ẹja Inú Àmù Ìyá Mi

Orí kunkun ni wọ́n bí mọ́ mi, mi ò sì bẹ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Òun ló gbé mi dé ipò tí mo ti fẹ̀yìn tì.

Wolé-wolé ni mo kọ́kọ́ jẹ́. Ìjọba òyìnbó dá mi padà sí etí òkun wa ní Ìlàjẹ, kí n máa yẹ àmù wò. Omi ọ̀sà níyọ̀, a ò sì ní kànga. Omi òjò tó bá ṣàn láti orí òrùlé là ń mu. Òfin ní ẹni tí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, bá wà nínú àmù rẹ̀, sàmáńsì sí kóòtù ni. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wa sọ pé ilé ìyá mi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ará ìlú má baà ní mo ń ṣojúsàájú. Mo ní kò burú. Àwa méjèèjì la jọ wọ ọkọ̀ lọ.

Tanwíjí kankan ò sí nínú àmù ìyá mi. Ẹja wẹ́wẹ́ méjì ló ń lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀, bó ṣe rí ní gbogbo ilé wa, nítorí ẹja ní í jẹ tanwíjí. Ojú ọ̀gá mi pọ́n. Ó ní ìdọ̀tí ni, kí n kọ sàmáńsì.

Mo ní, "Sà, tanwíjí lòfin wí, kò wí ẹja."

Ó ní bí n kò bá kọ ọ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, kí n bọ́ kákí ìjọba sílẹ̀.

Ìyá mi ò gbọ́ èdè òyìnbó, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ohùn. Ó ní, "Kọ orúkọ mi. Èèyàn kì í tìtorí ẹja sọ iṣẹ́ nù."

Mo dá ìyá mi lóhùn pé, "Iye, mi ò kọ." Inú bí mi. Ẹ̀rù náà sì bà mí, torí iṣẹ́ yẹn ni gbogbo ẹbí wa gbójú lé.

Mo bu omi òjò kan náà sínú àmù méjì, mo fi ẹja sí ọ̀kan, mo gbé wọn sórí pákó ìta. Kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, tanwíjí ti kún èyí tí kò lẹ́ja. Mo fi ọkọ̀ gbé méjèèjì lọ sí ọ́fíìsì, mo gbé wọn síwájú ọ̀gá, mo sì bu omi ẹlẹ́ja mu lójú rẹ̀. Ó wo àmù, ó wò mí, ó ní kí n máa lọ síbi iṣẹ́ mi.

Kò pẹ́, lẹ́tà jáde pé kí gbogbo ilé máa fi ẹja sínú àmù. Lẹ́tà náà ní ọ̀gá mi ló ṣàwárí ọgbọ́n yìí. Mo kà á fún ìyá mi. Mo ní màá fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀ fún wọn.

Ìyá mi ní, "Fún ta? Dúró tì í. Ọjọ́ tí ọ̀gá rẹ bá dìde lórí àga rẹ̀, kí ìwọ jókòó."

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo fi dúró. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àwọn òyìnbó kó ẹrù wọn, ọ̀gá mi dìde, mo jókòó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo fọwọ́ sí níbẹ̀ sọ pé àwọn ìyá etí òkun Ìlàjẹ ló ni ọgbọ́n ẹja inú àmù, kì í ṣe òyìnbó kankan.