Oorun Bàbá Múrí Nínú Fíìmù

Ọjọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kásẹ́ẹ̀tì mi ní Avéa, àdúgbò kan ní Libreville, Bàbá Múrí ló bá mi gbé tẹlifíṣọ̀n wọlé. Iṣẹ́ kíkó ìtì igi sínú ọkọ̀ ojú omi ló ń ṣe ní èbúté Owendo. Àsìkò yẹn ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn ní ìlú náà, gbogbo ẹni tó bá ti rí fídíò rà ló ń wá kásẹ́ẹ̀tì yá. Fíìmù ìjà ni àwọn ṣọ́ọ̀bù yòókù ń fún wọn. Ní tèmi, dókúmáńtéè ni mo fẹ́ràn: fíìmù tí kò sí òṣèré nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé èèyàn gidi àti ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an ni wọ́n yà.

N kì í jẹ́ kí oníbàárà fúnra rẹ̀ mú. Ojú rẹ̀ ni mo máa ń wò, màá wá yan èyí tó yẹ ẹ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, mo máa ń fún un ní ti ẹja abẹ́ òkun. Tọkọtaya tó ń jà, ti àwọn ẹyẹ tó ń jọ kọ́ ìtẹ́ ni tiwọn. Ẹni tó bá dá a padà láìwò ó tán, èmi àti ẹ̀ la jọ máa fa á. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń sọ gbogbo rẹ̀, àwọn tó ti Nàìjíríà wá kò sì gbọ́ ọ. Nítorí náà, ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, wọn á kún inú ṣọ́ọ̀bù, èmi tí mo lọ sílé ìwé ní Sákété, níbi tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, màá máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá bó ṣe ń lọ.

Nígbà tó yá, àwọn òyìnbó kan wá ya fíìmù ní Owendo. Bàbá Múrí sọ fún gbogbo ayé pé wọ́n ya òun. Nígbà tí kásẹ́ẹ̀tì náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo wo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó dùn mọ́ mi, ni mo bá ń pariwo ẹ̀ láti Avéa títí dé Venez-Voir pé kí wọ́n wá wo bàbá wa. N kò wò ó tán. Èmi tí mò ń bá èèyàn jà lórí ẹ̀!

Lọ́jọ́ náà, àwọn kan dúró sójú fèrèsé. Bàbá Múrí wọ aṣọ funfun, ó jókòó níwájú pátápátá. Òkun kọjá, ọkọ̀ ojú omi kọjá, ìtì igi okoumé kọjá. Lójijì, òun náà rèé: ó fẹ̀yìn ti ìtì igi, ó lanu sílẹ̀, ó ń sùn fọnfọn. Ọkùnrin tó ń ṣàlàyé nínú fíìmù náà sọ̀rọ̀ kan jẹ́jẹ́, mo sì ti túmọ̀ rẹ̀ kí n tó ronú.

"Owó epo ti dé, òṣìṣẹ́ kò kánjú mọ́."

Ẹ̀rín bú gbàù. Bàbá Múrí dìde, ó káṣọ mọ́ra, ó jáde. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè é ní Bàbá Olóorun. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni àwọn ará ilé fi ń rí iṣẹ́ ní èbúté! Àlàájì tó ń ta aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi ti fẹ́ fi àbúrò rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní òun kò ṣe mọ́. Bàbá Múrí kò yà sọ́dọ̀ mi mọ́. Ó dùn mí dé egungun.

Mo lọ bá a nílé ní Venez-Voir, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ yín ni?"

"Irọ́ kọ́. Mo sùn. Ààwẹ̀ ni mo gbà. A ti ń so okùn mọ́ ìtì igi kí ẹ̀rọ lè gbé e láti ìdájí, wọ́n fun fèrè ìsinmi, mo sùn. Àwọn òyìnbó yẹn ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n yà. Oorun nìkan ni wọ́n wá mú."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà láti wá sọ bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo wọn. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo tan fíìmù náà, mo pa ohùn rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Múrí, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ ṣàlàyé."

Ó rọra bẹ̀rẹ̀. Ó sọ ti ààwẹ̀, ó sọ ti fèrè, àwọn èèyàn ń mi orí. Bí ọ̀rọ̀ ṣe wá dùn mọ́ ọn lẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi iyọ̀ sí i.

"Ṣẹ́ ẹ rí ìtì igi yìí? Èmi nìkan ni mo yí i débẹ̀!"

Àlàájì fò dìde. "Ẹ̀rọ tó gbé e sókè ńkọ́, Bàbá Múrí? Ṣé ó wá kí yín ni?"

A rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wa, Bàbá Múrí pàápàá. Àlàájì ní, "Òyìnbó gé lára tirẹ̀ kúrò, ẹ̀yin náà ṣe àfikún. Ta ni ká wá gbà gbọ́?" Wọ́n jiyàn lórí ẹ̀ títí a fi túká. Ẹ̀bi tèmi ni mò ń rò. Láti ìbẹ̀rẹ̀ wá, mo ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo fún wọn bí ẹni pé òun ló mọ gbogbo ẹ̀. Láti ìgbà náà, n kò yá ẹnikẹ́ni ní dókúmáńtéè láìsọ fún un pé kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n yà tí wọ́n sì gé kúrò. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni àbúrò Àlàájì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lábẹ́ Bàbá Múrí ní Owendo.

Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, Bàbá Múrí ń padà sí Ìṣẹ́yìn, ìlú rẹ̀, pátápátá. Ó wá dágbére fún mi, ó wá ní kí n fún òun ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

"Èyí tẹ́ ẹ ti ń sùn?"

"Òun náà ni, àbúrò mi. Pẹ̀lú gbogbo ọdún tí mo lò níbẹ̀, kò tún sẹ́ni tó fi kámẹ́rà ya mí níbi iṣẹ́. Àwọn ọmọ tó wà nílé kò mọ ohun tí mo ń ṣe tí mo fi ń bọ́ wọn. Tàn án, wo igi tó wà lẹ́yìn mi. Èmi ni mo so okùn tó wà lára rẹ̀ yẹn."

Mo tàn án, mo pa ohùn rẹ̀. Gbogbo ìgbà tí mo ti wo fíìmù yẹn, ojú ẹni tó ń sùn ni mo ń wò. N kò wo okùn náà rí.